Òtítọ́ Dé Ọjà, Ó Kùtà

“Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.” Àwa òṣìṣẹ́ ti sọ òwe yìí di àwáwí. Ọ̀gá ń ṣìwà hù lójú wa, a pa òwe náà, a mirí, a dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́. Àwọn tó ń nájà ni òwe ń bá wí. Kò sọ pé ẹrù òtítọ́ ti bàjẹ́, kò sì sọ pé ọjà kan ṣoṣo ló wà láyé.

Òyìnbó kan wà tó ń jẹ́ Allan Octavian Hume. Ọdún 1849 ló wọ iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Bengal, ní Íńdíà. Nígbà tó ń ṣàkóso agbègbè Etawah níbẹ̀, ó dá ilé ìwé ọ̀fẹ́ sílẹ̀ káàkiri abúlé. Owó ọtí ń wọlé fún ìjọba, inú wọn ń dùn; Hume kọ̀wé sí wọn pé èrè ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ta ni í kọ irú ẹ̀ sí ọ̀gá tó ń sanwó oṣù fún un! Síbẹ̀ ó gòkè. Ní 1871 wọ́n fi í ṣe akọ̀wé àgbà fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, owó orí àti òwò. Ó fẹ́ tún oko ṣe, owó orí ni tiwọn. Ẹnu rẹ̀ kò sì rọ̀. Nígbà tó di 1879, lásìkò Lytton, gómìnà àgbà Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà, wọ́n yọ ọ́ nípò. Ó kùtà nìyẹn.

Ó fẹ̀yìn tì ní 1882. Ọdún kejì, ó kọ lẹ́tà sí àwọn tó jáde ní Yunifásítì Calcutta pé kí wọ́n dìde fún ilẹ̀ wọn. Ní Oṣù Kejìlá 1885, ènìyàn 72 pé jọ sí Bombay, ẹgbẹ́ Congress, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn ará Íńdíà, bẹ̀rẹ̀. Ẹrù kan náà ni, ọjà ló yí padà.

Ẹ má bá mi sọ ọ́ di òrìṣà o. Ní 1857, nígbà tí àwọn ará Íńdíà ṣọ̀tẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ̀ ìjọba ló wà, ó bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ jà. Nígbà tó sì ń pe ìpàdé Bombay, ẹ̀rù pé inú tó ń bí aráàlú lè bú gbàmù wà lára ohun tó ń lé e.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ìtàn rẹ̀ ni ti ẹyẹ. Kò sẹ́ni tó mọ ẹyẹ Íńdíà tó o nígbà náà. Ìwé tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ nípa wọn wà nílé rẹ̀ ní ìlú Simla, ní Íńdíà. Ó rìnrìn àjò. Kó tó dé, ọmọ ọ̀dọ̀ kan ti kó o lọ tà lọ́jà bí bébà àlòkù lásán. Ìyẹn ò kùtà. Kò kọ òmíràn mọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún awọ ẹyẹ tó kó jọ, ó fi ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Lọ́ńdọ̀nù lọ́rẹ ní 1885, ọdún ìpàdé Bombay gan-an.