Oníkálukú ṣe tirẹ̀ dáadáa, omi ò sì dé táńkì

Mo tún gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi ìpàdé tí a ṣe ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, lórí yàrá tútù tí àwọn ìyá alátòmátì fẹ́ kọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ẹnjiníà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ dé, dìde, ó ní: «Ẹ jẹ́ kí oníkálukú gbájú mọ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Bí mọlémọlé bá ṣe tirẹ̀ dáadáa, tí oníná ṣe tirẹ̀ dáadáa, tí onífíríìjì náà ṣe tirẹ̀ dáadáa, yàrá á ṣiṣẹ́. Àwòrán tí ẹ̀gbọ́n ń béèrè yẹn, ìwé lásán ni.» Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi ni ẹ̀gbọ́n tó ń bá wí. Mi ò pàtẹ́wọ́, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe òótọ́, ó sì ti gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa jù.

Àwòrán tí mo ń béèrè kì í ṣe ti ògiri àti fèrèsé. Àwòrán ohun tí nǹkan máa ṣe ni: kí ló máa wọlé, kí ló máa jáde, iṣẹ́ wo ló wà láàárín, èwo ló gbára lé èwo. Ẹni tó bá lọ lísè tẹkiníìkì lọ́dọ̀ wa ti fọwọ́ kàn án rí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ wa ní «bête à cornes», àwòrán kan tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ẹranko oníwo, pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta rẹ̀: ta ni nǹkan yìí ń ṣiṣẹ́ fún? Kí ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí? Kí ló wà fún? A yà á sínú káyé, a gba máàkì, a sì gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ tí a jáde.

Èmi náà gbàgbé rẹ̀. Ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Kétu, èmi ni mo ṣe iná oòrùn fún foráàjì, ìyẹn kànga ẹ̀rọ, tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀. A jẹ́ mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé omi wà ní mítà 41. Òótọ́ ni, ibẹ̀ ni omi ń sùn sí bí ẹnikẹ́ni ò bá fà á. Bí pọ́ǹpù bá ti ń fà á, ó ń sọ̀ kalẹ̀ dé mítà 58. Ìyẹn náà wà nínú ìwé rẹ̀, ní ojú ewé mìíràn tí kò dé ọwọ́ mi. Wọ́n sọ fún ẹni tó kọ́ ṣàtó tí táńkì jókòó lé pé kí ó gbé e ga láti mítà 6 sí 9, kí omi lè lágbára dé àdúgbò tuntun. Ó kọ́ ọ, kò sì sí ibi tó sán lára rẹ̀ títí dòní. Èmi yan pọ́ǹpù àti pánò iná oòrùn fún 41 àti 6, mo fi 2 kún un fún gíga táńkì: mítà 49. Ohun tí omi ní láti gùn jẹ́ 69, a ò tíì ka ohun tí páìpù máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a ṣí i, àwọn obìnrin ti to korobá láti òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ẹ̀rọ ẹnu omi ò sọ nǹkan kan. Mo gun àkàbà lọ sókè, mo ki ọwọ́ bọ ẹnu páìpù nínú táńkì. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń fẹ́ mi lọ́wọ́. Mo ń gbọ́ omi tó ń kùn bọ̀ lókè nínú irin, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó sì dúró. Nígbà tí oòrùn kanrí, ó ṣe tínrín bí òwú ìránṣọ. Kó tó di aago mẹ́ta, ó ti dá. Ìyá àgbà kan gbé korobá rẹ̀ lófìfo padà sórí, ó ní: «Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi.» Mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìgbìmọ̀ omi abúlé ló wá owó pọ́ǹpù kejì.

Nínú àwa mẹ́ta, ta ni ẹ máa sọ pé kò mọ iṣẹ́ rẹ̀? Àárín iṣẹ́ wa ni àṣìṣe náà jókòó sí, níbi tí ẹnì kankan ò ṣọ́. Ká ní a ti kọ ìlà kan péré sórí páálí kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì, pé «gbé omi láti ibi tó ń sọ̀ dé, títí dé ẹnu táńkì», àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta là bá jọ kọ nọ́ńbà wa sábẹ́ ìlà yẹn. Ogún mítà kì bá rí ibi sá pamọ́ sí.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní àìmọ̀ àwa ará oko ni, kó lọ wo Kourou, ní Gúyánà ilẹ̀ Faransé. Ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1996 ni rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 gbéra fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò lò tó ìṣẹ́jú-àáyá 40 tó fi ya kúrò lọ́nà, tó sì fọ́ lójú ọ̀run pẹ̀lú sátẹ́láìtì 4 tó gbé dání. Ẹ̀rọ kan wà nínú rẹ̀ tó ń sọ ibi tó kọjú sí àti bó ṣe ń sáré tó. Ara Ariane 4, rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ṣáájú rẹ̀, ni wọ́n ti gbé ètò kọ̀ǹpútà ẹ̀rọ náà wá, nítorí pé kò já wọn kulẹ̀ níbẹ̀. Nínú ètò yẹn, iṣẹ́ kan wà tó ń tún ẹ̀rọ náà tò kí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbéra. Lórí Ariane 4, wọ́n jẹ́ kó máa bá a lọ fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn ìgbéra, kí wọ́n lè tètè bẹ̀rẹ̀ kíkà padà bí wọ́n bá ní láti dá rọ́kẹ́ẹ̀tì dúró ní ìparí. Lórí Ariane 5, iṣẹ́ yẹn kò wúlò fún ohunkóhun mọ́ bí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti kúrò nílẹ̀. Wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ariane 5 sì ń yára lọ sí ẹ̀gbẹ́ ju Ariane 4 lọ. Nọ́ńbà kan wá tóbi ju àyè kékeré tí wọ́n fún un nínú kọ̀ǹpútà, bíìtì 16, ẹ̀rọ náà sì pa ara rẹ̀. Àrọ́pò rẹ̀ ti kọ́kọ́ kú irú ikú kan náà, nítorí ètò kan náà ló wà nínú méjèèjì.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Jacques-Louis Lions ṣe olórí rẹ̀ kọ gbogbo èyí sílẹ̀ lóṣù keje ọdún yẹn. Ohun tó dùn mí jù nínú rẹ̀ ni pé wọ́n ti jọ gbà láti má fi ọ̀nà tí Ariane 5 máa gbà fò sínú ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà. Ẹni tó kọ ètò kọ ohun tí wọ́n ní kó kọ. Ẹni tó ní kí ẹ̀rọ pa ara rẹ̀ bí nǹkan bá ṣe é mọ̀ pé àrọ́pò wà. Ẹni tó ṣírò ọ̀nà ṣírò rẹ̀ dáadáa. Ojú ewé mìíràn tí kò dé ọwọ́ ẹni tó yẹ, gẹ́gẹ́ bíi tèmi! Ìbéèrè ẹranko oníwo ni wọn ò bi iṣẹ́ tó pa rọ́kẹ́ẹ̀tì wọn: kí lo wà fún níbí? Ọ̀rọ̀ Mars Climate Orbiter, ọkọ̀ ojú ọ̀run Amẹ́ríkà tó ṣòfò ní 1999, tí ẹgbẹ́ kan ń ka agbára ní pọ́n-ùn tí èkejì ń kà á ní newton, ẹ ti gbọ́ ọ tó.

Wọ́n ní àwòrán yìí ń fi àkókò ṣòfò. Ọ̀sán kan péré ni. Wọ́n ní àwọn baba wa kọ́lé láìyàwòrán. Baba tó kọ́lé nígbà yẹn, orí kan ló ń ro ògiri, òrùlé àti ojú àgbàrá pọ̀, àwa ti pín in fún orí mẹ́rin. Wọ́n tún ní nǹkan òyìnbó ni. Lóòótọ́, Lawrence Miles, ẹnjiníà ní ilé iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà, ló sọ ríro iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe di ẹ̀kọ́ ní 1947, ó ní kí a fi ọ̀rọ̀ méjì sọ iṣẹ́ nǹkan kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀-ìṣe kan àti ọ̀rọ̀-orúkọ kan. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí ẹnu wa: gbá ilẹ̀, ìgbálẹ̀, dé orí, ìdérí, bọ ẹsẹ̀, ìbọ̀sẹ̀. Ìdènà, ẹnu ibodè àtijọ́ tó wà ní Kétu níbí, iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Gerhard Pahl àti Wolfgang Beitz, àwọn olùkọ́ ẹnjiníà ní Jámánì, wá kọ́ni ní 1977 pé nǹkan mẹ́ta ló ń ti inú iṣẹ́ kan bọ́ sínú òmíràn: agbára, ohun tí a lè fọwọ́ kàn, àti ìròyìn. Mọlémọlé àti onífíríìjì lè fi mẹ́ta yẹn bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìwá ògbufọ̀.

Mo gbà pé ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀rọ ẹnu omi kan kò nílò páálí, àti pé àwòrán tí ẹnì kan dá jókòó yà nílé kò ní fi ohun tí kò mọ̀ hàn án.

Yàrá tútù wa ńkọ́? Onífíríìjì ti sọ pé dígírì 4 lòun máa gbé e sí, torí ibẹ̀ ni yàrá tútù tó dáa máa ń wà. Tòmátì tó bá pẹ́ níbi tó tutù tó bẹ́ẹ̀ máa ń bàjẹ́ ni: adùn rẹ̀ á lọ, ara rẹ̀ á rọ̀, bí ẹ bá sì gbé e jáde, ó di jíjẹrà. Èyí tó ti pọ́n ń fẹ́ nǹkan bíi dígírì 10, èyí tí kò tíì pọ́n ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá kan ti sọ ọ́ lẹ́yìn ìpàdé, pé òun ò fi tòmátì sí fíríìjì nílé. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ la tún ń pàdé. Mo ti ra páálí funfun, mo sì ti kọ ìlà àkọ́kọ́ sí i: «mú ooru kúrò lára tòmátì, má pa á». Ìyá yẹn ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ sọ nọ́ńbà tirẹ̀, lẹ́yìn náà onífíríìjì, lẹ́yìn náà mọlémọlé, kí èmi tó sọ iye pánò.