Ẹ Wọn Ewu Ìmìtìtì Ilẹ̀, Kí Ẹ Sì Kọ Ọ́ Sínú Òfin Ilé Kíkọ́

Ní ọjọ́ 28 Oṣù Keje, 1984, ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n sì gbọ́ ọ dé Ìbàdàn, Ṣágámù àti Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 11 Oṣù Kẹsàn-án, 2009, ó tún mì ní Abẹ́òkúta àti Ìmẹ̀kọ, títí wọ orílẹ̀-èdè Benin. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ariwo ta, ẹ̀ẹ̀mejèèjì náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún di ìgbàgbé. Ohun tó kù lẹ́nu aráyé ni pé Ọlọ́run ò dá ìsẹ̀lẹ̀ mọ́ Nàìjíríà.

A ò ní kí ìjọba Ògùn, Ọ̀yọ́ àti Èkó sọ ọjọ́ tí ilẹ̀ yóò mì. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọ́, ẹni tó bá sì ní òun mọ̀ ọ́n ń purọ́. Ohun tí à ń béèrè ni pé kí wọ́n pawọ́ pọ̀ wọn ewu náà, kí nọ́ńbà tó bá jáde sì wọ inú òfin ilé kíkọ́.

Wọ́n á ní èyí tó mì níbí kò ju 4 àti díẹ̀ lọ lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára ìmìtìtì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí òṣùwọ̀n bá fi 1 péré gòkè, agbára rẹ̀ á di nǹkan bí ìlọ́po 32. Ní Agadir, lórílẹ̀-èdè Mòrókò, èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 29 Oṣù Kejì, 1960 kò pé 6, síbẹ̀ ó pa èèyàn bí 12,000, torí pé abẹ́ ìlú gan-an ló ti ṣẹ̀, kò jìn nísàlẹ̀, àwọn ilé ibẹ̀ ò sì lágbára. Èyí tó ba Accra jẹ́ ní Oṣù Kẹfà, 1939 tó nǹkan bí 6.5, wọ́n gbọ́ ọ dé Èkó àti Ìbàdàn.

Ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń gba mímì ilẹ̀ sílẹ̀. Ìmìtìtì máa ń rán ìgbì méjì jáde, ọ̀kan á sáré ṣáájú, èkejì á máa bọ̀ lẹ́yìn. Ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan tó bá wà láàárín wọn dúró fún nǹkan bíi kìlómítà 8. Bí ẹ̀rọ Ilé-Ifẹ̀ bá ka 17, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ jìn tó kìlómítà 136. Ṣé Abẹ́òkúta ni, àbí Ìkàrẹ́? Ẹ̀rọ kan ò lè sọ ọ́. Ó di ìgbà tí ẹ̀rọ mẹ́ta tó jìnnà síra bá jọ ń ṣiṣẹ́ ká tó mọ̀, bí bátìrì ọ̀kan bá sì kú lóru, àbá lásán la tún padà sí. Nítorí náà, kí owó sólà, bátìrì àti ẹni tí yóò máa ṣọ́ ẹ̀rọ wà nínú ìsúná lọ́dọọdún. Ẹ̀rọ tí wọ́n rà tí wọn ò tọ́jú kò yàtọ̀ sí èyí tí wọn ò rà.

Àwọn tó ń fọ́ òkúta náà pọ̀ yí Abẹ́òkúta ká. Ẹ̀rọ máa ń ka dáínámáìtì wọn bí ìmìtìtì kékeré, ẹni tí kò bá yọ ọ́ kúrò á wá rò pé ilẹ̀ ibẹ̀ ń mì lójoojúmọ́. Àmì rẹ̀ kò ṣòro: ojú ọ̀sán ló sábà máa ń wáyé, ìgbì àkọ́kọ́ rẹ̀ sì máa ń ti ilẹ̀ síta lọ sọ́dọ̀ gbogbo ẹ̀rọ, nígbà tó jẹ́ pé ìmìtìtì gidi ń ti àwọn kan, ó ń fa àwọn yòókù. Ó yẹ kí òfin mú kí gbogbo ilé-iṣẹ́ òkúta máa fi àkókò tí wọ́n yìn ín ránṣẹ́.

Ìṣòro kejì ni pé àkọsílẹ̀ wa kúrú. Mímì tí àwọn ẹnjiníà ń fi ṣe ìṣirò ni èyí tí ìdá 10 nínú 100 wà pé yóò wáyé láàárín 50 ọdún. Òun ni wọ́n ń pè ní ti 475 ọdún, torí pé ní ìpíndọ́gba, ẹ̀ẹ̀kan ni irú rẹ̀ ń wáyé láàárín 475 ọdún. Àkọsílẹ̀ tiwa, tí wọ́n sábà ń bẹ̀rẹ̀ kíkà rẹ̀ láti orí ti Wàrì ní 1933, kò tíì pé 100 ọdún. Ẹ jẹ́ ká tú ìwé àtijọ́ wò nígbà náà. Accra mì ní Oṣù Keje, 1862, nígbà tí Ìwé Ìròyìn Henry Townsend ń jáde l'Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ àwọn òpìtàn nìyẹn, kò sì ní náni lówó púpọ̀.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àpáta ló gbé Abẹ́òkúta. Yanrìn àti ẹrẹ̀ ló gbé ọ̀pọ̀ ibi l'Ékòó, ilẹ̀ rírọ̀ sì máa ń sọ mímì kékeré di ńlá. Òòlù ńlá, irin pẹlẹbẹ àti okùn tó ní sẹ́ńsọ̀ 24 tó láti fi wọn mítà 30 òkè ilẹ̀ láìgbẹ́ kànga: wọ́n á fi òòlù lu irin náà, sẹ́ńsọ̀ á sì gba ìgbì tó jáde sílẹ̀, kí wọ́n lè ṣírò bó ṣe ń yára tó. Níbi tí ìgbì kejì, èyí tó máa ń bọ̀ lẹ́yìn, ti ń sáré ju mítà 760 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àpáta ni. Bí kò bá tó 180, kí a ṣọ́ra. Ilé ìwòsàn, ilé ìwé àti afárá ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí nọ́ńbà tó bá jáde kéré gan-an níbi púpọ̀. Ìlànà ilé kíkọ́ ti Yúróòpù yọ ibi tí mímì àpáta rẹ̀ kò bá ju ìdá 4 nínú 100 agbára òòfà ilẹ̀ lọ sílẹ̀ pátápátá. Ìyẹn náà dáa, a ó mọ ibi tí kò yẹ ká náwó sí.

Ní ti òpó ilé, kò sídìí láti dúró. Ọ̀pọ̀ bẹ́ńdà, àwọn tó ń tẹ irin, máa ń tẹ ẹnu ríǹgì tó yí irin òpó ká ní dìgírì 90. Bí òpó bá mì, símẹ́ńtì ara rẹ̀ á bọ́, ríǹgì á ṣí, irin tó dúró á tẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ ẹnu rẹ̀ wọnú òpó ní dìgírì 135, kò ní ṣí. Irin tó fi lé kò tó gígùn àtẹ́lẹwọ́. Bákan náà ni ilé tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ṣọ́ọ̀bù gbayawu, tó jẹ́ òpó nìkan ló gbé ògiri búlọ́ọ̀kù òkè: ìsàlẹ̀ yẹn ni yóò kọ́kọ́ rún. Àwọn tó ń fọwọ́ sí pílánù ilé lè fi méjèèjì kún ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò láti ọ̀la, láìdúró de ẹ̀rọ kankan.