Ẹsẹ̀ ni ká kọ́kọ́ múra sílẹ̀

Ọdún Mímọ́ ni 2027 máa jẹ́ ní Santiago de Compostela, torí pé ọjọ́ Sunday ni àjọ̀dún Jákọ́bù Mímọ́, 25 July, bọ́ sí lọ́dún náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Ìjọ Àgùdà l'Ékòó ló ti ń sọ pé àwọn máa lọ, pé ẹsẹ̀ làwọn máa fi rìn ín láti Saint-Jean-Pied-de-Port ní ilẹ̀ Faransé dé ibojì àpọ́sítélì náà ní Sípéènì. Inú mi dùn sí i gan-an, èmi náà ń múra. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń múra yìí ń kọ mí lóminú. Físà là ń sọ, owó tíkẹ́ẹ̀tì là ń sọ, ẹni tó máa bá wa jókòó ní ṣọ́ọ̀bù là ń wá. Ẹsẹ̀ tó máa rin ìrìn náà, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀.

Ọ̀nà yẹn tó nǹkan bíi 780 kílómítà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan, láti Saint-Jean dé Roncesvalles ní Sípéènì, tó bíi kílómítà 25. Ìyẹn ni pé kí èèyàn rin Third Mainland Bridge láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó tún rìn ín padà. Ká ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni, à bá ní kò burú. Òkè ni! Láti ibi tí kò ju nǹkan bíi 170 mítà lọ sókè ìpele òkun, ọ̀nà náà á gbé yín gun nǹkan bíi 1,430 mítà kó tó sọ̀ kalẹ̀. Èkó wa sì rèé, etí òkun ni, kò sí òkè kankan. Ẹni tó ń rin afárá Lekki sí Ìkòyí láràárọ̀ ń ṣe ara rẹ̀ lóore, àmọ́ orúnkún rẹ̀ kò tíì mọ ohun tó ń bọ̀.

Àtẹ̀gùn ni kí ẹ wá. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú: Òjóta, Onípànu, Fádèyí. Ẹ gùn ún, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ rìn dé èyí tó kàn, ẹ tún gùn ún. Ẹ má fojú kéré sísọ̀ kalẹ̀ o, torí òun gan-an ló ń fìyà jẹ orúnkún. Báàgì tí ẹ máa gbé lọ ni kó wà lẹ́yìn yín, kí ẹrù inú rẹ̀ sì pé bó ṣe máa rí lọ́jọ́ náà. Bó bá wá di Sátidé, ẹ gbéra ní Yábà ní kùtùkùtù, ẹ gba Oyíngbò, Ìdó, Carter Bridge, ẹ já sí Ìdúmọ̀tà kí ọjà tó kún, kí ẹ sì rìn dé Holy Cross Cathedral. Ẹ gbàdúrà yín níbẹ̀, ẹ sinmi díẹ̀, kí ẹ sì fẹsẹ̀ rìn padà. Ẹ má wọ dánfó.

Ọ̀rọ̀ ẹrù ló máa ń fa àríyànjiyàn. Ohun tí àwọn tó mọ ọ̀nà náà máa ń sọ ni pé kí ẹrù má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara lọ. Ẹni tó bá wọn 70 kílò, kílò méje péré nìyẹn, omi mímu sì wà nínú rẹ̀. Báwo la ṣe fẹ́ kó gàrí sí i? Oúnjẹ wà lójú ọ̀nà, kò sídìí láti gbé gàrí kọjá òkè. Ata gígún díẹ̀ nínú ọ̀rá kékeré, ìyẹn ni mo fara mọ́. Àwọn màmá wa tún máa ń fẹ́ kí a bá àwọn gbé àbẹ́là lọ, kí a bá àwọn gbé fọ́tò ọmọ tó ń ṣàìsàn. Mi ò ní kí ẹ kọ̀ fún wọn. Iṣẹ́ àdúrà tí wọ́n ń rán wa yìí wà lára ìdí tí a fi ń lọ. Ẹ ní kí Màmá dárúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n fẹ́ ká gbàdúrà fún, kí ẹ kọ orúkọ wọn sínú ìwé pélébé kan, kí ẹ sì máa kà á lójú ọ̀nà láràárọ̀. Àbẹ́là wà ní Santiago.

Ní ti bàtà, mo mọ̀ pé Kàtángúwà ní ojúlówó ọkíríkà. Ẹ ra báàgì níbẹ̀, ẹ ra ẹ̀wù òjò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ra bàtà. Bàtà àlòkù ti mọ ẹsẹ̀ ẹlòmíì, ìléròrò ló máa fún yín. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ ra tuntun, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, kí àyè ṣẹ́ kù níwájú ọmọ ìka, kí ẹ sì ti wọ̀ ọ́ káàkiri Èkó fún oṣù mélòó kan kí ẹ tó wọ bàálù.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé dandan ni kí ẹ parí òkè yẹn lọ́jọ́ kan. Ilé ìsinmi kan wà ní Orisson, nǹkan bíi kílómítà mẹ́jọ sí Saint-Jean. Ẹ tètè gba bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀ kó tó kún, kí ẹ sùn, kí ẹ gun ìyókù lọ́jọ́ kejì. Láti 1 November dé 31 March, wọ́n máa ń ti ọ̀nà orí òkè náà pa, ọ̀nà Valcarlos nísàlẹ̀ ni ẹ máa gbà nígbà náà.

Ẹ̀yin àgbà ìjọ, àtẹ̀yin tí ọ̀gá níbi iṣẹ́ kò ní fún ní ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Sarria, ìlú kan ní Sípéènì lójú ọ̀nà kan náà, tó fi díẹ̀ ju 100 kílómítà lọ sí Santiago. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rin 100 kílómítà tó kẹ́yìn, tó sì gba òǹtẹ̀ méjì lójúmọ́ sínú credencial rẹ̀, ìyẹn ìwé tí arìnrìn-àjò mímọ́ máa ń gbé dání, máa gba ìwé ẹ̀rí Compostela bíi tẹni tó ti ilẹ̀ Faransé wá. Òkè wà níbẹ̀ náà, nítorí náà ẹ̀yin náà ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì jẹ́ kí dókítà yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín wò kí ẹ tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì.