Kì í ṣe alágbẹ̀dẹ fàdákà ló fẹ́ dígí yẹn

Ẹ̀yin tí ẹ kọ ìròyìn yìí, ẹ ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára fàdákà ló ṣe gbogbo jọ́ọ̀gì wáìnì náà, àti dígí àti fàdákà rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Láyé Ọbabìnrin Victoria, ilé iṣẹ́ dígí, bíi Thomas Webb & Sons ní ìlú Stourbridge nílẹ̀ England, ló máa ń fẹ́ dígí; alágbẹ̀dẹ fàdákà ní Birmingham tàbí London á wá fi ọrùn, ìdérí àti ọwọ́ fàdákà sí i. Fàdákà nìkan ni àwọn àmì tí wọ́n lù sára rẹ̀ ń jẹ́rìí sí: kìnnìún tó ń rìn ní ojúlówó ni, ìdákọ̀ró sì ní Birmingham ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Christopher Dresser pàápàá, tó ya àwòrán jọ́ọ̀gì fún ilé iṣẹ́ fàdákà Hukin & Heath ní nǹkan bí 1880, ayàwòrán ni, kì í ṣe alágbẹ̀dẹ.

Bọ̀dá tó kọ̀wé ṣáájú mi pé ká fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Mo ra ọ̀kan lọ́jà àlòkù ní London níbí, mo rẹ ẹ́ sómi. Kí n tó mọ̀, nǹkan funfun ti ń ṣàn jáde lábẹ́ fàdákà bí omi ògì, ọrùn rẹ̀ sì ń mì lọ́wọ́ mi bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. P.O.P. tí à ń fi ṣe àjà ilé ni wọ́n sábà fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí! Ó dùn mí wọra, torí ewé àjàrà tí wọ́n gbẹ́ sára dígí yẹn ṣì mú lábẹ́ ìka bíi pé àná ni wọ́n gbẹ́ ẹ.