Ẹ̀yin tí ajẹ́ǹtì ní kí ẹ wá já sítóbẹ́rì ní Gíríìsì

Lánàá, àbúrò kan láti Ìkìrun fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, bùrọ̀dá. Ajẹ́ǹtì kan ní iṣẹ́ oko wà ní Gíríìsì. Wọ́n á fún wa nílé, wọ́n á fún wa lóúnjẹ, yúrò ni wọ́n á máa san. Ṣé kí n fowó sílẹ̀?" Mo jókòó lóru, mo kọ èsì fún un. Ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń gbèrò àtijàpá, ẹ bá wa kà á.

Mo mọ ibi tí wọ́n ń pè yín sí. Nea Manolada lorúkọ abúlé tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀, ní agbègbè Ilia, lójú títì tó ti Patras lọ sí Pyrgos. Ẹ má retí ìlú ńlá o. Ṣọ́ọ̀ṣì, ilé kọfí, ṣọ́ọ̀bù díẹ̀, àwọn bàbá arúgbó tó jókòó síta tí wọ́n ń yí ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà. Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀rá funfun ni wọ́n fi bo ilẹ̀ lọ súà. Abẹ́ ọ̀rá yẹn ni sítóbẹ́rì wà. Wúrà pupa ni wọ́n ń pè é.

Àwọn ará ibẹ̀ gan-an mọ jàpá dáadáa. Láyé àtijọ́, àjàrà kékeré tí wọ́n ń sá gbẹ ni wọ́n ń tà jẹun. Nígbà tí kòkòrò ba ọgbà àjàrà àwọn Faransé jẹ́, ọjà yá, kálukú sáré gbin tirẹ̀. Ọgbà àwọn Faransé sọjí, ọjà sì dẹnu kọlẹ̀ ní 1893. Gbèsè wọ àgbẹ̀ lọ́rùn, ọ̀pọ̀ bá wọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá gbin kòkó mọ irú ìtàn yìí. Ní 1960, Gíríìsì tún bá Jámánì tọwọ́ bọ̀wé, àwọn ọ̀dọ́ bá kó lọ sílé iṣẹ́ níbẹ̀.

Abúlé míràn nítòsí ni èmi ti ṣiṣẹ́, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Bàbá kan níbẹ̀ na ọwọ́ rẹ̀ sí mi lọ́jọ́ kan nídìí búrẹ́dì, ìka méjì kò sí níbẹ̀ mọ́; ó ní ẹ̀rọ ló gé e ní Stuttgart, ní Jámánì. Bàbá yẹn mọ ohun tí ojú àlejò ń rí. Ọmọ rẹ̀ ló jẹ mí lówó.

Iṣẹ́ náà ńkọ́? Ebè ni, wọ́n fi ọ̀rá dúdú wé e, kò ga dé orúnkún. O kò lè dúró já sítóbẹ́rì orí rẹ̀, o kò sì lè jókòó. Èékánná àtàǹpàkò lo máa fi gé ọrùn èso náà. Ewé orí rẹ̀ kò gbọdọ̀ já, ìka rẹ kò sì gbọdọ̀ tẹ ara rẹ̀, torí ibi tó bá ti dàpá, kó tó dé ọjà, ó ti rà. Tó bá di oṣù kẹrin, ooru abẹ́ ọ̀rá yẹn dà bíi tẹni tó ń yan gàrí. Mo bá bàbá mi kọ ebè iṣu ní kékeré, mo rò pé mo lágbára. Lọ́jọ́ kẹta, n kò lè tẹ̀ wọ ṣòkòtò.

"Ilé" tí wọ́n sọ, igi, páálí àti ọ̀rá àlòkù ni. Kò sí omi ẹ̀rọ, kò sí ilé ìgbẹ́. Ọ̀kan nínú irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ jóná ní Nea Manolada ní oṣù kẹfà 2018. Tèmi kò jó, ṣùgbọ́n wọ́n ń yọ owó rẹ̀ lára owó iṣẹ́ mi.

Mo lè fara da gbogbo ìyẹn. Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí. Àwọn ará Bangladesh ló pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ yìí. Ní oko kan ní Nea Manolada, ní sáà 2012 sí 2013, yúrò 22 ni wọ́n ṣèlérí fún wọn fún wákàtí méje, yúrò 3 fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá lé, kí wọ́n yọ yúrò 3 fún oúnjẹ. Aago méje àárọ̀ sí aago méje alẹ́ ni wọ́n ń ṣe, àwọn tó gbé ìbọn dúró tì wọ́n. Owó kò jáde. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin 2013, wọ́n kóra jọ lọ bèèrè rẹ̀, àwọn oníbọn yẹn bá yìnbọn lù wọ́n. Èèyàn bí 30 ló fara gbọta. Ní 2014, ilé ẹjọ́ ní Patras dá ọ̀gá oko sílẹ̀. Àwọn méjì tí wọ́n dá lẹ́bi, yúrò 1,500 ni wọ́n ní kí wọ́n san fún òṣìṣẹ́ 35. Ẹ ṣírò rẹ̀: yúrò 43 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan! Ó di oṣù kẹta 2017 kí ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù tó sọ pé iṣẹ́ àfipáṣe ni, kí wọ́n tó ní kí ìjọba Gíríìsì sanwó gidi fún àwọn 42 tó pẹjọ́.

Ẹnikẹ́ni kò fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè wọ́n. Owó tí wọ́n jẹ wọ́n ló so wọ́n mọ́lẹ̀: ẹni tó bá lọ ti pàdánù ti ẹ̀yìn. Bí wọ́n ṣe so èmi náà nìyẹn. Oṣù kìíní, wọ́n san ìdajì. Oṣù kejì, wọ́n ní owó ọjà kò tíì wọlé. Nígbà tó di oṣù kẹta, mo ń sọ fún ara mi pé ṣé kí n wá fi gbogbo èyí sílẹ̀ lọ ni? Oṣù méje ni mo lò.

Bí ajẹ́ǹtì bá ní tí ẹ bá ti débẹ̀, pépà á tẹ̀ lé e, irọ́ ni. Òfin tí wọ́n ṣe ní oṣù kejìlá 2023 wà fún ẹni tó ti lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀ láìní ìwé kí oṣù kọkànlá ọdún náà tó parí, tó sì rí ẹni gbà á síṣẹ́. Ẹ̀yin kò sí níbẹ̀.

Mo fi í ránṣẹ́. Ó kà á, àmì búlúù méjì yọ. Láàárọ̀ yìí ló tó fèsì: "Ẹ ṣé gan-an, bùrọ̀dá. Ṣùgbọ́n mo ti san ìdajì."