Irọ́ ni pé látayébáyé ni sẹ́fà ti ń ju náírà lọ

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí tipẹ́. Ẹ dé bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ láàárọ̀ kẹ́ ẹ tẹ́tí sí àwọn ọlọ́kadà àtàwọn tó ń ṣẹ́ owó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ: owó àwọn ará Bẹ̀nẹ̀, ìyẹn sẹ́fà (CFA), lágbára, ìgbà wo ni náírà bá sẹ́fà dọ́gba rí? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti lé lógún ọdún bá mi jiyàn ẹ̀ ní ọjà Agbálátà lọ́jọ́ Sátidé, ó ní bó ṣe wà látilẹ̀ nìyẹn. Mi ò bínú sí i, torí ohun tó lajú bá nìyẹn.

Àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ká má tiẹ̀ lọ jìnnà, ní 2015, dọ́là kan jẹ́ bíi 197 náírà ní báńkì wa níbí, dọ́là kan náà jẹ́ bíi 590 sẹ́fà ní Kútọnu, ẹ pín in fúnra yín, náírà kan, sẹ́fà mẹ́ta ni. Lójú bọ́dà kò tó bẹ́ẹ̀, torí dọ́là wọ́n jùyẹn lọ lójú títì, síbẹ̀ ẹni tó bá mú 1,000 náírà sọdá sí Kraké lọ́hùn-ún ní Bẹ̀nẹ̀, sẹ́fà tó ń gbà lé ní 2,000. Àbúrò mi, 2015 mà ni mò ń sọ! Tá a bá wá padà sí 1980, tí náírà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ra dọ́là méjì, sẹ́fà tó wà nínú náírà kan lójú báńkì ju 300 lọ.

Ṣé sẹ́fà ló wá gòkè ni? Kò gòkè o. Àti 1945 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ni wọ́n ti so ó mọ́ owó Faransé bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn, nígbà tí yúrò dé ní 1999 wọ́n tún so ó mọ́ ìyẹn, 655.957 sẹ́fà sí yúrò kan, kò tíì yẹ̀ títí dòní. Bí yúrò bá rọ, sẹ́fà á bá a rọ, bó bá le, á bá a le, ìdí nìyẹn tí dọ́là fi ju 700 sẹ́fà lọ ní 2000 tó sì wá sún mọ́ 400 ní 2008. Àwa la sọ̀ kalẹ̀. Àti September 1986 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ fún ọjà ló ti ń sọ̀, ó tún sọ̀ ní June 2016, nígbà tó wá di June 2023, bíi 460 sí dọ́là ló bẹ̀rẹ̀ oṣù náà, kí oṣù tó parí ó ti ju 700 lọ. Oṣù yẹn gan-an ni sẹ́fà kọjá náírà lójú báńkì, lójú títì ó ti ṣáájú ìyẹn díẹ̀.

Èyí tó tún burú jù ni àwọn tó ń sọ pé sẹ́fà kì í já, tí wọ́n ń torí ẹ̀ kó gbogbo owó wọn sí i. Ẹ bi màámi. Aṣọ Hólàńdì ló ń rà ní ọjà Tọ̀kpá ní Kútọnu wá tà ní Àgbádárìgì, inú agolo mílíìkì ló ń tọ́jú sẹ́fà sí torí wọ́n ti sọ fún un pé ó dájú ju náírà lọ. Ní 11 January 1994 àwọn olórí ìjọba ilẹ̀ tó ń ná sẹ́fà jókòó ní Dàkár, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, 50 sẹ́fà tó ń mú fráǹkì Faransé kan di 100. Màámi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó dé Tọ̀kpá, ó ka owó aṣọ méjì sílẹ̀ bó ṣe máa ń kà á, ìyá tó ń tajà fún un gbé ẹyọ kan fún un. Ó ní ṣé owó òun ti bàjẹ́ ni, ìyẹn ní rárá, màmá, wọ́n gé e sí méjì ni.