Àwo tó ní àwòrán odò Hudson: ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé bí "Hudson River" bá wà lẹ́yìn àwo tánganran àtijọ́, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, létí odò náà gan-an. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ ibi tó wà nínú àwòrán nìyẹn, kì í ṣe ti ẹni tó ṣe àwo.

Staffordshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. James àti Ralph Clews ní Cobridge ṣe ọ̀wọ́ "Picturesque Views" láti inú àwòrán odò Hudson tí William Guy Wall yà. Wọ́n á fín àwòrán sára bàbà, wọ́n á fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gbé ọ̀dà rẹ̀ sára àwo, ọkọ̀ òkun á sì gbé e lọ bá àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà. Ọjà ni wọ́n ń wá, ẹ kúkú mọ̀.

Ẹ da àwo náà dé, kí ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń tẹ "Clews" wọnú amọ̀ kí wọ́n tó sun ún. Bí kò bá sí, ẹ wo etí àwo: Enoch Wood, amọ̀kòkò mìíràn ní Burslem ní Staffordshire, fẹ́ràn àwòrán ìkarahun òkun. Bí "England" nìkan ló wà lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Ó sábà máa ń jẹ́ ti nǹkan bí ọdún 1891 sókè, bẹ́ẹ̀ Clews ti kógbá wọlé láti àwọn ọdún 1830.

Àṣìṣe tó rọrùn láti ṣe ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí ti àkọ́kọ́.